Makaróònì àti ẹran màlúù nínú ìkòkò kan

Ilẹ̀ ti ṣú. Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Igi ìdáná wà lórí rẹ̀, ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bá àwọn ọmọ mẹ́ta yòókù níwájú ilé. Èyí àgbà ń rẹ gàrí sínú abọ́. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ń sunkún. Èyí tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ti sùn sórí ẹní, kò sì tíì jẹ nǹkan kan láti ọ̀sán. Bí ìyá bá ní kí òun ro ọkà nínú ìkòkò kan, kí òun tún se ọbẹ̀ nínú òmíràn, agogo mẹ́sàn-án yóò lù kí oúnjẹ tó délẹ̀. Wọn yóò jí ọmọ ọdún mẹ́ta náà. Yóò bu òkèlè méjì, oorun yóò tún gbé e lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí ó ti máa ń rí nìyẹn ní abúlé Kétu àti ti Ṣábẹ̀ nígbà tí òjò bá ti rọ̀ tí iṣẹ́ oko sì le. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn ìyá tí ń tajà ní Àjàṣẹ́, tí wọn kì í palẹ̀ ọjà mọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Àgbàlagbà lè fara da ebi alẹ́ kan. Ọmọ kékeré kò lè fara dà á bẹ́ẹ̀. Ikùn rẹ̀ kéré, kò lè jẹ oúnjẹ ọjọ́ kan tán lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ń pàdánù oúnjẹ alẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, yóò máa rù, yóò sì máa ṣàìsàn.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ yìí dá lórí oúnjẹ alẹ́ kan tí a ń sè nínú ìkòkò kan ṣoṣo: makaróònì pẹ̀lú ẹran màlúù. Ìkòkò kan kì í ṣe ohun tuntun fún wa. Àwọn ìyá wa ń se àsáró iṣu, wọ́n ń se àdàlú, kí makaróònì tó dé ọjà wa. Ọgbọ́n kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé makaróònì máa ń yára jinná, ó sì gba kí a mọ ìwọ̀n omi rẹ̀.

Kí a tó dáná

Ẹ mú ọ̀rá makaróònì wá sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ wá. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n rẹ̀: 250 g, 400 g, tàbí 500 g. Lẹ́tà "g" yìí dúró fún gíráàmù, 1000 g ni ó sì wà nínú kílò kan. Ọ̀rá méjì lè dọ́gba lójú, kí ọ̀kan sì fi 100 g kéré sí èkejì. Ẹni tí kò bá kà á yóò san owó ńlá fún èyí tí ó kéré. Èkejì ni iye ìṣẹ́jú tí yóò lò lórí iná. Ní èdè Faransé ni wọ́n máa ń kọ ọ́, "temps de cuisson", pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi 8 min tàbí 11 min. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ tí ó dára kí a ti jẹ ẹ́ tán. Wọn a kọ ọ́ pé "à consommer de préférence avant", oṣù àti ọdún a sì tẹ̀ lé e. Bí ọ̀rá bá ti lu, tàbí tí ẹ bá rí kòkòrò nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á.

Fún àgbàlagbà méjì àti ọmọ mẹ́rin, ohun tí a ó lò nìyí: makaróònì 500 g, ẹran màlúù ìdajì kílò, tí kò ní egungun, tòmátì pupa ńlá mẹ́fà, àlùbọ́sà méjì, epo ẹ̀pà, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ méjì, iyọ̀ àti ata níwọ̀nba. Ẹ wá ìgò omi tí ó gba ìdajì lítà, irú èyí tí wọ́n ń ta omi nínú rẹ̀. Ìgò yìí ni òṣùwọ̀n wa. Ìgò mẹ́ta ni a ó lò: ọ̀kan fún ẹran, méjì fún makaróònì.

Ọ̀rọ̀ ẹran gba ìkìlọ̀ díẹ̀. Ẹ ra á lọ́jọ́ tí ẹ ó sè é. Kí ó pupa, kí ó má rùn, kí ó má yọ̀ bí ilá lọ́wọ́. Ẹ má ṣe ra ẹran màlúù tí ó kú fúnra rẹ̀, bí ó ti wù kí wọ́n tà á ní pọ̀ọ́kú tó. Àrùn kan wà tí àwọn tí ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn ń pè ní "charbon" ní èdè Faransé. Ó máa ń pa màlúù lójijì. Ẹni tí ó bá kun ẹran náà lè kó o láti ara awọ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ó jẹ ẹ́ náà sì lè kó o. Iná tí a fi ń se ọbẹ̀ kò tó láti pa kòkòrò àrùn yìí tán. Ẹran olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ ti kó àwọn ènìyàn sí wàhálà ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Bí a ṣe ń sè é

Ẹran ni a ó kọ́kọ́ gbé ka iná, nítorí òun ni ó máa ń pẹ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ fọ ẹran, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ègé kọ̀ọ̀kan má tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ. Nínú ìdajì kílò, ẹ lè rí tó ègé 40. Gígé e wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ dára fún nǹkan méjì. Ègé kékeré máa ń tètè rọ̀, igi tí a ó lò a sì dínkù. Èkejì, a ó sọ ọ́ bí a bá dé ibi pípín oúnjẹ. Ẹ fọ ọ̀bẹ àti pákó kí ẹ tó fi gé nǹkan mìíràn.

Bí ó bá jẹ́ ẹran màlúù tí ó ti gbó, tí ó yi, ẹ gé ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n sí i ní ègé mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Oje rẹ̀ máa ń tú iṣan ẹran, ẹran a sì rọ̀ kíákíá. Àwọn àgbà ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́, òótọ́ sì ni.

Ẹ kó ẹran sínú ìkòkò pẹ̀lú àlùbọ́sà kan tí ẹ ti gé, iyọ̀ díẹ̀ àti omi ìgò kan. Ẹ dé ìkòkò. Ìkòkò tí a kò dé ń fi ooru rẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ó sì ń jẹ igi. Igi tí ó gbẹ dáadáa ni kí ẹ lò, nítorí èéfín igi tútù ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá ti ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ẹran hó fún ìṣẹ́jú 30 sí 40. Bí omi rẹ̀ bá gbẹ kí ó tó rọ̀, ẹ bu díẹ̀ sí i.

Ní àkókò yìí ni àǹfààní ìkòkò kan ti hàn. Ìyá kò ní láti dúró ti iná. Ó lè wẹ ọmọ, ó lè fún èyí kékeré lọ́mú, ó lè jókòó sinmi ẹsẹ̀. Ọmọ àgbà lè já ẹ̀fọ́, kí ó sì lọ tòmátì. Bí bàbá bá sì ti ṣáájú délé, kí ni kò ní jẹ́ kí ó gbé ẹran ka iná? Ọkùnrin tí ó ń dáná sun iṣu jẹ lóko, ó mọ iná dá nílé pẹ̀lú. Kí ẹ sá máa kíyè sí àwọn ọmọ kékeré, kí wọ́n má sún mọ́ ìkòkò gbígbóná.

Ẹ mú ègé ẹran kan, kí ẹ fi ìka já a. Bí ó bá já wẹ́rẹ́, tí inú rẹ̀ kò sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ mọ́, ó ti jinná. Ẹ má ṣe kánjú níbí. Ẹran màlúù tí kò jinná lè kó aràn gígùn kan, tí ó pẹlẹbẹ bí ọ̀já, sínú ènìyàn. Ó lè wà nínú ìfun fún ọdún pípẹ́.

Ẹ ṣí ìkòkò kí omi ẹran fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹ da epo ẹ̀pà sí i nínú ìkòkò kan náà, àti àlùbọ́sà kejì. Ẹ máa rò ó títí àlùbọ́sà yóò fi rọ̀. Nígbà náà ni kí ẹ da tòmátì lílọ̀ sí i, kí ó din fún ìṣẹ́jú 10, títí epo yóò fi léfòó. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú fo ibí yìí yóò jẹ makaróònì tí ó kan. Ẹ kíyè sí i pé a kò tíì da ata sí i. Ẹ lọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kí ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó kan omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń se makaróònì lọ́tọ̀ nínú omi púpọ̀, wọn a wá da omi náà nù. Igi tí wọ́n fi hó omi náà ti jóná lásán, díẹ̀ nínú èròjà tí ń ṣara lóore sì ti bá omi lọ. Ní ibi tí ó jẹ́ pé orí ni a fi ń ru omi wá láti odò tàbí láti ẹ̀rọ omi, èyí kò bójú mu. Nínú ìkòkò kan yìí, a kì í da omi kankan nù. Makaróònì ni yóò mu omi ẹran àti tòmátì náà, adùn rẹ̀ a sì wọ inú rẹ̀.

Ẹ da omi ìgò méjì sí i. Bí ó bá ti hó dáadáa, ẹ da makaróònì sí i. Sùpàgẹ́tì náà dára, kí ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì. Omi yẹ kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fa igi kan tàbí méjì jáde kí iná dínkù, kí ẹ sì máa rò ó láti ìdí ìkòkò ní ìṣẹ́jú méjì méjì, nítorí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ẹ tẹ̀ lé iye ìṣẹ́jú tí ó wà lára ọ̀rá, kí ẹ sì fi díẹ̀ kún un, nítorí omi wa kò pọ̀. Ẹni tí kò ní aago, kí ó tọ́ ọ wò. Bí omi bá tán tí ó ṣì le, ẹ ta omi gbígbóná díẹ̀ sí i. Bí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ da ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ sì ti gé, sí i. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí omi tó gbẹ tán pátápátá, ẹ dé e, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ooru ìkòkò yóò parí iṣẹ́ náà.

Nípa iyọ̀, ẹ lo èyí tí wọ́n kọ "sel iodé" sí lára. Òun ni ó ń dènà gẹ̀gẹ̀. Ẹ dé ibi tí ẹ ń kó o sí, kí ó má gba omi. Bí ẹ bá fi kúùbù sí oúnjẹ, ẹ rántí pé iyọ̀ ti pọ̀ nínú kúùbù náà. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó tún bu iyọ̀ sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó 5 g, èyí tí kò ju ṣíbí kékeré kan lọ, nítorí àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Pípín oúnjẹ

A ti ṣe ìlérí láti sọ ohun kejì tí ó mú kí a gé ẹran wẹ́wẹ́. Òun nìyí. Bí ègé ẹran bá tóbi, ó níye. A mọ ti bàbá, a mọ ti àlejò, ọmọdé a sì la omi ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹran bá ti kéré, tí ó ti pò mọ́ makaróònì, ibi tí ṣíbí bá bù ni ẹran wà. Ìjà kò sí níbẹ̀.

Ìyàwó kan bu oúnjẹ yìí fún ọmọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìyá ọkọ rẹ̀ wo inú abọ́ ọmọ náà.

"Ìyàwó, ṣé ọmọ kékeré yìí ni o kó ègé ẹran mẹ́fà fún? Ṣé o fẹ́ kí ó di olè ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Dókítà obìnrin tí ó ń wọn àwọn ọmọ ni ó ní kí n máa fún un. Ó fi inú ìpéǹpéjú ọmọ hàn mí, ó funfun. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó."

"Nígbà tiwa, àgbà ni ó ń jẹ ẹran."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ègé kan kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Tiyín náà nìyí. Èyí tí ó rọ̀ jù ni mo ṣà fún yín, nítorí eyín."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ó dára. Bí ó bá jalè, ìwọ ni n ó mú."

A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ olè yìí ní ọ̀pọ̀ ilé, bóyá ti ẹran ni tàbí ti ẹyin. Ẹran kì í sọ ọmọ di olè. Ohun tí ó wà nínú ẹran pupa ni èròjà irin, òun ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Irin wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ara ń gba ti ẹran ní ìrọ̀rùn jù. Tòmátì àti ọsàn ń ran ara lọ́wọ́ láti gba ti ẹ̀fọ́. Tíì a máa dí i lọ́wọ́, nítorí náà ẹ má ṣe mu tíì mọ́ oúnjẹ. Àwọn tí wọ́n nílò irin yìí jù ni ọmọ kékeré, aboyún àti ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àwọn gan-an ni a sì máa ń fún ní ẹran kẹ́yìn.

Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó máa ń rẹ̀ kíákíá, kì í fẹ́ ṣeré, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú rẹ̀ a sì funfun. Oúnjẹ nìkan kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Ibà àti aràn inú máa ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ pẹ̀lú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ bu ti ọmọ kékeré sínú abọ́ tirẹ̀. Bí gbogbo ọmọ bá ń jẹ nínú àwo kan, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ni yóò yó. Fún ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà, ẹ bu díẹ̀ kí ata tó wọ ìkòkò, kí ẹ gún ẹran àti makaróònì rẹ̀ kúnná, kí ó má baà há a lọ́fun. Ẹ má ṣe já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ọmú dára fún un títí yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da ata sí èyí tí ó kù fún àwọn àgbà.

Èyí tí ó ṣẹ́kù

Ẹ gbìyànjú láti se ìwọ̀n tí ilé yóò jẹ tán. Makaróònì tí ó sùn mọ́jú nínú ìkòkò, láìsí fíríìjì, léwu ju bí ojú ti rí i lọ. Kòkòrò kan lè dàgbà nínú rẹ̀ lóru, kí ó sì tu oró sí i. Iná òwúrọ̀ lè pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n oró rẹ̀ kì í kú sínú iná. Nítorí náà, gbígbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì kò tó. Àwọn kan yóò sọ pé àwọn ti ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, kò sì ṣe àwọn ní nǹkan kan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà. Ẹ má ṣe fi ọmọ kékeré dán an wò.

Bí kò bá sí ẹran

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa jẹ makaróònì lójoojúmọ́. Àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe é, àlìkámà kì í sì í ṣe ohun ọ̀gbìn oko wa. Owó ni a fi ń rà á. Ẹni tí ó ní iṣu àti ẹ̀wà lóko, kí ó má tà wọ́n ní pọ̀ọ́kú kí ó lè ra makaróònì. Ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀, tí àkókò sì kéré, ni ó bá a mu jù.

Lọ́jọ́ tí ẹran bá wọ́n, ẹ fi ẹ̀wà tí ẹ ti sè kí ó rọ̀, tàbí ẹja gbígbẹ, tàbí wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà, rọ́pò rẹ̀. Wàrà kò gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí iná bí ẹran. Ẹ gé e, ẹ din ín pẹ̀lú àlùbọ́sà, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú.

Ìbéèrè

1. Makaróònì 500 g tó ènìyàn mẹ́fà. Gíráàmù mélòó ni yóò tó ènìyàn mẹ́sàn-án? Ìgò omi mélòó ni ẹ ó da sí i fún makaróònì náà?

2. Ẹ mú ọ̀rá makaróònì méjì láti ọjà, kí ẹ kọ ìwọ̀n àti iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Èwo ni 100 g rẹ̀ wọ́n jù?

3. Nílé yín, ta ni ó máa ń pín ẹran? Ègé mélòó ni ó kan ọmọ tí ó kéré jù lọ ní ìgbà tí ẹ jẹ ẹran kẹ́yìn?